Larry, Ológbò Tí Kì í Bá Olórí Ìjọba Kó Lọ

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ká eku ńlá kan mọ́ iwájú ilẹ̀kùn dúdú Nọ́ńbà 10, Òpópónà Downing, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Oníròyìn ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú lọ́wọ́, eku ń bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí a ti ń wí i tipẹ́ pé ológbò ò sí nílé, ilé dilé èkúté, irú ìyẹn ò lè yà wá lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15 oṣù kejì, David Cameron, tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ti gba ológbò wọlé. Larry ni wọ́n ń pè é.

Wọn ò rà á. Ológbò ìgboro ni, tí kò sẹ́ni tó ni ín, tó ti dé ilé ìtọ́jú ajá àti ológbò ní Battersea, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan, Mary Tealby, ló dá ilé náà sílẹ̀ lọ́dún 1860 ní Holloway, nítorí àwọn ajá tí ebi ń pa kú káàkiri àdúgbò. Ọdún 1871 ni wọ́n kó lọ sí Battersea, ó sì di ọdún 1883 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ológbò. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni wọ́n fi ń ṣàánú ajá kí wọ́n tó rántí pé ológbò náà ń sùn sínú òtútù. Mi ò bá wọn wí. Ajá a máa jù'rù, a máa wo ènìyàn lójú bí ẹni ń tọrọ. Ta ni yóò rántí ẹranko tí kò bẹ ẹnikẹ́ni?

Akọ ni Larry, ó tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n gbé e dé. Orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ láwọ̀ búráùn tí ìlà dúdú là já, àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun kinniwin. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ní ọdẹ gidi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í han gbogbo ayé, oníròyìn kan gbé e mọ́ra kí wọ́n lè ya fọ́tò dáadáa. Larry ya á lápá. Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ sùn. Oṣù ń lọ, wọn ò gbúròó eku tó pa, àwọn ìwé ìròyìn sì ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ojú òpó ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara iṣẹ́ Larry ni kíkí àlejò káàbọ̀, yíyẹ ètò ààbò wò, àti dídán àwọn àga àtijọ́ inú ilé wò bóyá wọ́n dùn ún sùn lé. Ní ti ọ̀rọ̀ eku, ó ṣì ń gbèrò lé e lórí. Ó pa eku níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìgbà tó wù ú ló pa á.

Ìgbà tó wù ú. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ológbò wà, ó sì ti pẹ́. Ènìyàn ló lọ mú màlúù, ewúrẹ́ àti ẹṣin nínú igbó, tó so wọ́n mọ́lẹ̀. Ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Àárín bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà jọ sínú àká, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò igbó sì tẹ̀lé eku. Ẹ̀yà ológbò igbó náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica, ṣì ń rìn nínú ọ̀dàn ilẹ̀ Áfíríkà títí dòní. Ní erékùṣù Sápírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàárè kan tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn, tí wọ́n sin ènìyàn àti ológbò sí ìtòsí ara wọn. Kò sí ológbò lórí erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e dé. A jẹ́ pé nígbà náà, ẹnìkan ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò lè fi í sílẹ̀ rìnrìn àjò.

Láyé òde òní, ológbò kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Òjò ló lé e débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ṣe sọ. Ó rù hangogo, etí rẹ̀ kan ti ya. Ìyá ju orí ẹja ṣáwá sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó wọ abẹ́ pákó lọ, ó sùn, kò sì lọ mọ́. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: dúdú, funfun, àti pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá rí ológbò aláwọ̀ mẹ́ta báyìí, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti gbé ìrù rẹ̀ wò, abo ni. Ohun tó ń fún ológbò ní àwọ̀ pupa wà lára krómósómù X. Abo ní X méjì, akọ ní ẹyọ kan, nítorí náà abo ló lè gba dúdú àti pupa pọ̀. Akọ aláwọ̀ mẹ́ta a máa wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Orí àpò ìrẹsì tí wọn ò tíì ṣí ló ń jókòó sí láàárọ̀, yóò ká ẹsẹ̀ iwájú sábẹ́ àyà, yóò di ojú sí wẹ́rẹ́. Ẹ máa rò pé ó ń sùn. Ẹ na ọwọ́ sí i kí ẹ wò ó. Yóò kọ́kọ́ gbá yín lọ́wọ́ láìyọ èékánná, pẹ́! Ìkìlọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá tún na ọwọ́, èékánná ti jáde. Èékánná yìí máa ń wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tí ó bá ní iṣẹ́ fún un ló ń yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kújú, tí ológbò sì fi lè rìn lórí páànù kí ẹ má gbọ́. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ìbátan ẹkùn sì ni. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kì í bá a wí. "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ o," ló máa ń wí, "òun ló ni ṣọ́ọ̀bù." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i kó lé ológbò náà sọ̀ kalẹ̀ rí, kódà nígbà tí àpò tó jókòó lé jẹ́ èyí tí oníbàárà fẹ́ rà. Àpò mìíràn ló ń gbé sílẹ̀ fún un.

Ara tí Elédùmarè fún ẹranko yìí, ti ọdẹ ni látòkèdélẹ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́, bẹ́ẹ̀ irú ohùn tín-ín-rín yẹn ni eku fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, ìpele kan wà níbẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òun ló ń kọ mànà tí iná ọkọ̀ bá bà á lójú lálẹ́, tí àwọn kan fi ń sá lọ. Irunmú rẹ̀ ló fi ń wọn ihò kó tó ki orí bọ̀ ọ́. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ adùn rárá. Ṣúgà àti yẹpẹ, bákan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Ẹran ló mọ̀.

A sì máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdúrà, pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ní bó ṣe ń ṣe é. Bó bá ti ń já bọ̀, inú etí rẹ̀ ló ti mọ ibi tí òkè wà. Orí á kọ́kọ́ yí, apá iwájú á tẹ̀lé e, ìdí á wá tẹ̀lé apá iwájú. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, eegun èjìká rẹ̀ kékeré kan ò sì so mọ́ egungun mìíràn, ló fi lè lọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹranko tí a ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdúrà lọ́sàn-án náà la ń sá fún lóru. Bí abo tó ń wá akọ bá fi igbe ta lórí páànù lọ́gànjọ́, ẹ ó gbọ́ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" láti yàrá kan, ẹ ó gbọ́ "Aúsù bílláhì!" láti èkejì. Wọ́n á ní àjẹ́ ti dé. Òmíràn á mú igi, á lu ẹranko aláìṣẹ̀ pa nítorí pé ó ń wá ọkọ. Mo ka ìyẹn sí ìwà ìkà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀sìn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tó wà lódìkejì ọ̀nà sí Nọ́ńbà 10, lọ gba ológbò tiwọn ní Battersea, dúdú aláyà funfun kan tí wọ́n sọ ní Palmerston. Battersea kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, àmọ́ wọn ò fẹ́ rí ara wọn. Lójú àwọn ayàwòrán tó ń dúró de mínísítà ni wọ́n ti ń fa irun ara wọn tu. Ẹni tó bá mọ ológbò ò níí béèrè ohun tó fa ìjà. Kì í gbé ní agbo bí ajá. Ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì fi òórùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sàmì sí igun ògiri àti ẹsẹ̀ àga kí ẹlòmíràn lè mọ̀. Bó bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹ lẹ́sẹ̀, ìwọ náà ti di ara dúkìá rẹ̀ nìyẹn. Palmerston fẹ̀yìn tì lọ́dún 2020, ó lọ sí ìgbèríko. Larry ò lọ síbì kankan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Donald Trump wá kí Theresa May, tó gbapò lọ́wọ́ Cameron. Òjò ń rọ̀. Larry wọ abẹ́ ọkọ̀ Trump, ọkọ̀ tí ìbọn kì í ràn, ó sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ Amẹ́ríkà àti ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì sì ń wò ó. Lọ́dún 2022, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan yọjú sí òpópónà náà lóru. Larry, tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lé e lọ, kámẹ́rà sì ká ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2016. Ọjọ́ ìkẹyìn Cameron níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ni. Àhesọ ti gba ìgboro pé kò fẹ́ràn ológbò náà, ó sì mú fọ́tò kan dání, níbi tí Larry ti jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó fi ṣe ẹ̀rí. Ó wá sọ fún wọn pé òun kò lè mú un lọ, nítorí ilé ló ni ín. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olórí ìjọba: ó gba ológbò wọlé, ó bọ́ ọ, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ológbò jókòó. May wọlé, ó jáde. Boris Johnson wọlé, ó jáde. Liz Truss ò lò tó oṣù méjì. Rishi Sunak náà lọ. Keir Starmer tó dé ní 2024 ni ìkẹfà, ó sì bá Larry nílé.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gba ológbò tó ti jìyà níta, ẹ mọ̀ pé ìwà ológbò náà ti fìdí múlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ ológbò tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje láyé, ìbẹ̀rù ènìyàn ló sábà máa ń bá dàgbà, sùúrù ló sì ń bọ́ ọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fún un ní yàrá kan pẹ̀lú páálí tó lè sá wọ̀, omi, oúnjẹ àti ike yẹpẹ. Ẹ má fà á jáde. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, torí ìpèníjà ni wọ́n ka ìyẹn sí láàárín ara wọn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ di ojú yín sí wẹ́rẹ́, kí ẹ ṣí i jẹ́jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex àti ti Portsmouth gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2020 tó fi hàn pé ológbò a máa dá irú ojú bẹ́ẹ̀ padà, a sì máa sún mọ́ ẹni tó ṣe é, ì báà jẹ́ àlejò. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bó bá jẹ́ akọ. Ìjà àti igbe òru á dín kù.

Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ láé, bó ti wù kí ara rẹ̀ gbóná tó, torí ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Ẹ má sì da òògùn eégbọn ajá sí i lára. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni ti májèlé eku: ẹ ó gbé e kalẹ̀ fún eku, eku á jẹ ẹ́, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ológbò á wá jẹ eku. Ilé kan kò lè ní òtapiápiá àti ológbò pọ̀. Ẹ dákun, ẹ kó májèlé jáde kí ẹ tó gbé ológbò wọlé.