Bí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Padà Wálé: Àlàyé fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Wò Ó láti Mowe, Ibafo àti Ifo

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 3 oṣù Okúdù ọdún 2017, nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ní ilẹ̀ wa níbí, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àpótí kékeré kan wà nínú ẹrù rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò kan lọ. NigeriaEduSat-1 ni wọ́n pè é. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FUTA, ló ni ín. Wọ́n bá Kyushu Institute of Technology ti ilẹ̀ Japan ṣe é pọ̀, òun àti mẹ́rin mìíràn láti Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Japan ni wọ́n sì jọ lọ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, apá tó tóbi jù lára rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti padà dé, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin ní etíkun Florida kan náà.

Bí ẹ bá máa ń wo irú nǹkan báyìí lórí fóònù yín ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń rí iná, ẹ sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, nítorí ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ máa retí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ẹrù Àkúrẹ́ yìí ni a ó tẹ̀ lé.

Falcon 9 ni orúkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ilé-iṣẹ́ SpaceX ló ń ṣe é. Ó ga tó mítà 70, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà 4. Abala méjì ló wà lórí ara wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní booster. Abala ìsàlẹ̀ ni n ó máa pè é. Ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló wà nídìí rẹ̀. Èyí tó jókòó lé e ni abala òkè, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní. Ẹrù wà ní ṣóńṣó orí. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn: mẹ́sàn-án nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ abala ìsàlẹ̀ nù lẹ́yìn ìrìn kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ló ń sọ sínú òkun.

Kẹrosíìnì ni epo tó ń lò, ẹbí èyí tí à ń rà sínú sítóòfù, àfi pé wọ́n ti sẹ́ ti rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná kì í jó níbi tí kò sí ọ́síjìn, ìyẹn apá afẹ́fẹ́ tí ara wa ń lò nígbà tí a bá mí sínú. Kò sì sí afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Nítorí náà rọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání. Wọ́n á mú un tutù títí yóò fi di olómi, ó kéré tán ní ìwọ̀n 183 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òtútù yẹn ló ń fa ìkùukùu funfun tí ẹ máa ń rí tó ń ṣẹ́ yọ lára rọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra. Kì í ṣe èéfín, kò sì sí ohun tó ń jóná.

Nígbà tí kẹrosíìnì àti ọ́síjìn bá pàdé iná nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tú jáde sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Kò nílò ilẹ̀ tí yóò fẹsẹ̀ tì, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí ohunkóhun.

Gíga nìkan kọ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Bí a bá gbé nǹkan dé ibi tó ga tó kìlómítà 400, tí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò já bọ́ padà ni. Eré ló ń mú un dúró lókè. Ó gbọ́dọ̀ máa sáré yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 28,000 láàárín wákàtí kan. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń já bọ̀ náà ni ilẹ̀ ayé tó rí roboto ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní bá ilẹ̀ pàdé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tó gbéra, kò ṣìnà. Eré ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń wá.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á kú pọ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Abala méjèèjì á yapa, ẹ́ńjìnnì abala òkè á tàn, á sì máa gbé ẹrù lọ. Níbẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ awòran á ti bá ẹrù lọ. Ní tèmi, èyí tó kù sẹ́yìn ni kí ẹ máa wò.

Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ìtàn abala ìsàlẹ̀ parí sí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Owérè ọdún 2003, kò padà wá. Èyí tó gbé NigComSat-1R láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2011 náà kò padà. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ti alẹ́ ọdún 2017 yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yapa, agbára tó ti ní ṣì ń gbé abala ìsàlẹ̀ gòkè fún ìgbà díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó yíra padà. Ó ń tu gáàsì nitrogen síta ní ìwọ̀nba láti ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, èyí sì ń ti orí náà lọ sí ibi tó fẹ́. Lórí fóònù ẹ ó rí i bí nǹkan funfun tó ń tú pẹ́ẹ́, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń tú. Lẹ́yìn náà ló tan mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì kọjú sí etíkun tó ti kúrò.

Bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, lẹbẹ irin oníhò mẹ́rin á ṣí síta ní apá òkè rẹ̀. Nígbà tó bá wọ inú afẹ́fẹ́, wọn ló ń fi darí ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún wọn, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wà á láti ilẹ̀.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà, ó tún tan ẹ́ńjìnnì mẹ́ta fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìdí ni pé ó ń bọ̀ pẹ̀lú eré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó nípọn nísàlẹ̀ yóò sì mú un gbóná dé ìwọ̀n tó lè bà á jẹ́. Ó ń dín eré kù kó tó wọ ibẹ̀ ni.

Ìbalẹ̀ gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nígbà yìí, epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, ó sì ti fúyẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, kódà bí wọ́n bá dín in kù dé ìpẹ̀kun, ṣì lágbára ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Nítorí náà kò lè rà bàbà lókè kó máa wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣágámù lójú ọ̀nà márosẹ̀, tó ní èrò tí yóò já sílẹ̀ ní Mowe, ṣùgbọ́n tí kò lè tẹ bíréèkì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí kò sì lè tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Bó bá tètè tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dúró kó tó dé ibùdókọ̀. Bó bá pẹ́ jù, Ibafo ló ń lọ yẹn. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá tètè dúró lókè tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń jó, á tún máa gòkè padà, bó bá pẹ́, á fọ́ mọ́lẹ̀. Eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kíún ni wọ́n máa ń ṣí síta.

SpaceX kò mọ̀ ọ́n ṣe ní ọjọ́ kan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015, omi ẹ̀rọ tó ń yí àwọn lẹbẹ tán lójú ọ̀nà, abala ìsàlẹ̀ náà sì kọlu ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó bà lé. Ní oṣù Igbe ọdún kan náà, òmíràn dé ibẹ̀ ó sì ṣubú. Ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2015 ni àkọ́kọ́ tó dúró gbọn-in, lórí ilẹ̀ ní Florida. Ní oṣù Igbe ọdún 2016 ni ti orí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i.

Ẹ ó máa rí oríṣi ìbalẹ̀ méjì yìí. Bí ẹrù bá fúyẹ́, epo á ṣẹ́kù tó láti padà sí etíkun. Bí ẹrù bá wúwo, abala ìsàlẹ̀ kò ní padà sẹ́yìn. Iwájú ni yóò máa lọ, yóò sì bà lé ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ti gbé síwájú dè é lórí òkun, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí etíkun. Nígbà tó bá ń bà lórí ọkọ̀ yìí, àwòrán lè já lójijì, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbo ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti orí ọkọ̀ náà. Ẹ má tètè máa bú data yín.

Abala ìsàlẹ̀ tó gbé ẹrù Àkúrẹ́ tún fò ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2017, ó tún padà bà sílẹ̀, ó sì wà ní Space Center Houston lónìí, níbi tí àwọn àlejò ti ń wò ó. Inú mi máa ń dùn sí i. NigeriaEduSat-1 fúnra rẹ̀, inú ibùdó tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń gbé lókè ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ ọdún 2017, ó sì yí ayé ká títí di ọdún 2019.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX ni Starship. Ẹ́ńjìnnì 33 ló wà nídìí abala ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ó gbéra ní Texas. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni níbí, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ará Mowe ń ti ilé ìjọsìn bọ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, ó padà wá, apá irin méjì tó wà lára ilé gogoro tó ti gbéra sì gbá a mú lójú afẹ́fẹ́. Bí ẹ kò bá tíì rí fídíò yẹn, ẹ wá a.

Ẹ lè rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ojú lásán. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, orílẹ̀-èdè wa ló sì kọ́kọ́ gbà á ní Áfíríkà. Falcon 9 ló ń gbé àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé wọn sókè, wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀run kí wọ́n tó fọ́nká. Ẹ máa wò ó láàárín wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Oòrùn ṣì ń tàn sí wọn lára lókè nígbà tí ọ̀dọ̀ wa ti ṣókùnkùn. Ọyẹ́ máa ń bò wọ́n lójú, ìkùukùu òjò náà sì ń bò wọ́n. Alẹ́ tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́ ló dára jù.

Nípa aago: bí wọ́n bá ní Florida ni yóò ti gbéra, ẹ fi wákàtí márùn-ún kún aago tiwọn láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Belu, ní ìyókù ọdún, wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú 35 ṣáájú, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í da epo. Bí wọ́n bá sì sún un síwájú, ẹ má bínú. Ọjọ́ 1 oṣù Okúdù ló yẹ kí ẹrù Àkúrẹ́ ti lọ. Mànàmáná ló dá a dúró fún ọjọ́ méjì.