Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kan awò oòrùn yín, kì í ṣe aṣọ

Tí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí nǹkan tí eruku kì í bà lé, títí kan awò oòrùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó mí háà sí i, a ó fa etí ṣẹ́ẹ̀tì tàbí ìró, a ó sì nù ún. Ó máa ń dà bíi pé ó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ tó bá yá, ìlà tín-ín-rín á ti gba ojú awò kan, ara rẹ̀ á máa ṣí lábala lábala, ẹni tó rà á á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà míì, ayédèrú ni lóòótọ́. Nígbà míì, ìnù yẹn ló bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ awò oòrùn òde òní kì í ṣe gíláàsì, ike ni. Ike tètè máa ń họ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìbòrí líle bò ó. Àwọn míì tún ní ìbòrí tó ń dán bíi dígí níwájú, tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀yìn wọlé tàn padà sójú ẹni. Ìbòrí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, tí ẹ bá kó gbogbo ìpele rẹ̀ pọ̀, kò nípọn tó irun orí ẹyọ kan. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ bọ̀, pàápàá agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, iyanrìn lẹ́búlẹ́bú tó le ju ike lọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, iyanrìn ló fi ń ha awò.

Nítorí náà, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi sí awò náà, tàbí kí ẹ fi ife bu omi dà sí i, kí omi kó iyanrìn lọ kí ohunkóhun tó kàn án. Omi tútù tàbí lọ́wọ́ọ́wọ́ ni o, kì í ṣe gbígbóná. Ooru máa ń mú kí ike fẹ̀ ju ìbòrí ara rẹ̀ lọ, ìbòrí á wá sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. (Ìdí kan náà nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn máa fi awò sílẹ̀ níwájú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.) Ẹ wá kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sórí ìka, kí ẹ fi ra tinú tòde rẹ̀, àti ibi tó jókòó lé nímú, torí ibẹ̀ ni òógùn máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ ṣàn án, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tó máa ń bá awò wá rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Aṣọ yẹn náà ń fẹ́ fífọ̀, torí eruku ń wọ inú rẹ̀.

Tíṣù ò dáa, ara rẹ̀ le ju bó ṣe rí lójú lọ. Bílíìṣì, sànìtáísà àti omi tí wọ́n fi ń nu dígí fèrèsé lè jẹ ìbòrí náà. Àwọn kan á tún ní kí ẹ fi ọṣẹ ìfọyín pa ojú ibi tó họ rẹ́. Ìyẹn ló burú jù. Ohun tó ń ha ìdọ̀tí kúrò lára eyín wà nínú rẹ̀, òun náà ló máa ha ohun tó kù lójú awò.

Ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, iwájú á kàn mọ́lẹ̀ báláú, ẹni tó ń sọdá títì ò ní tètè hàn.

Pé ìbòrí ṣí kò fi dandan túmọ̀ sí pé awò ò dènà ìtànṣán oòrùn tó ń ba ojú jẹ́ mọ́. Ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ń dènà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ojú tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lè bá yín wo tiyín. Àmọ́ ìbòrí tó ti ṣí kò ṣeé lẹ̀ padà nílé. Tí férémù bá ṣì dáa, ẹ béèrè iye tí wọ́n á fi pààrọ̀ ojú awò nìkan kí ẹ tó ra òmíràn.