Àgbáyun Gbígbẹ: Ìrànlọ́wọ́ Fún Ẹni Tí Oúnjẹ Kò Dùn Lẹ́nu Rẹ̀ Mọ́

Èso àgbáyun kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Èso pupa kékeré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pọ́n ọn lá tán, tí ó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ògì kíkan sẹ́nu, adùn ni yóò bá níbẹ̀. Ní ọdún 1852, William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń lo èso náà láti mú kí ẹmu àti oúnjẹ àgbàdo tí ó ti kan dùn-ún jẹ.

Ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni èròjà purotéènì kan tí a ń pè ní miraculin, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ jáde láti inú èso náà ní ọdún 1968. Èròjà yìí kì í ṣe ṣúgà. Ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, tí ohun kíkan bá sì ti kàn án, ahọ́n yóò gbà pé ohun dídùn ni. Ipa rẹ̀ lè wà lẹ́nu fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí di wákàtí méjì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àgbáyun kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti já a, agbára rẹ̀ yóò ti máa dínkù, ooru iná sì ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òtútù gbẹ ẹ́. Wọn yóò kọ́kọ́ mú kí èso náà dì gbagidi, wọn yóò wá gbé e sínú ẹ̀rọ tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Níbẹ̀, yìnyín inú èso yóò di oru láì kọ́kọ́ di omi. Èyí tí ó kù ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tàbí oníhóró.

Àwọn tí ó ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ wà lára àwọn tí èyí lè ṣe lóore. Oògùn wọn a máa yí ìtọ́wò padà, débi pé oúnjẹ yóò dà bí ẹni pé irin ni wọ́n ń lá. Wọn kò ní lè jẹun, wọn yóò sì máa rù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí aláìsàn 31 ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, àwọn tí ó lo ìwọ̀n díẹ̀ àgbáyun gbígbẹ kí wọ́n tó jẹun ní ìtọ́wò tí ó sàn sí i. Ìwádìí kékeré ni, kò sì tíì tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ní ọdún 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí títà àgbáyun gbígbẹ fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí aláboyún àti ìyá tí ó ń fọ́mọ lọ́mú.

Àgbáyun kò wo jẹjẹrẹ, kò sì wo ìtọ̀ ṣúgà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Bákan náà, ahọ́n nìkan ni ó ń tàn: ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó dùn lẹ́nu ṣì kan nínú ikùn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú ṣọ́ra, kí gbogbo ènìyàn sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn ohun kíkan, nítorí eyín.

Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó gbẹ gbọ́dọ̀ dé e pa, nítorí ó máa ń tètè fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tí ó ní igi rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè jẹ ẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá já a, tàbí kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìsà.