Rírà Ọkọ̀ Onígbòkun Àlòkù, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ilẹ̀ Ìgbómìnà jìnnà sí òkun. Láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, oko àti òkè ni ojú ń rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí omi tí ọkọ̀ ńlá lè gbà ní ilẹ̀ Kwara yóò lọ sí Jẹ́bà ní etí Odò Ọya. Síbẹ̀ ilẹ̀ náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Igi ìrókò, tí àwọn baba ńlá ń bẹ̀rù tí wọn kì í sì í gé láìṣe ètùtù, wà lára àwọn igi tí àwọn akankọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọkọ̀, orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ náà sì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ọ̀gànwó àti àwọn ìbátan rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà ọmọ Òmù-Àrán tí ó bá dé èbúté kan ní òkè òkun, tí ó sì fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́, lè bá a pé igi ilé òun gan-an ni òun ń ná.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni ọkọ̀ kékeré onígbòkun tí ó ní kíìlì gígùn. Kíìlì wà ní ìdí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí egungun ẹ̀yìn ti wà lára ẹran. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kíìlì kúrú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí lẹbẹ ẹja. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àtijọ́ yìí, ó gùn láti ìsàlẹ̀ iwájú ọkọ̀ lọ dé ẹ̀yìn, wọ́n sì so ìtọ́kọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ti so mọ́ férémù. Irin tàbí òjé wúwo ni wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ìgbòkun tí ọkọ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹrù wúwo náà ni yóò fà á padà sí ìdúró.

Ọkọ̀ àwọn apẹja ọ̀sà Èkó kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí tirẹ̀ tẹ́, ó lè gba orí omi tí kò dé orúnkún, wọ́n sì lè wọ́ ọ gun yanrìn. Wọ́n a máa ta ìgbòkun sí i nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àti ara àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó dojú dé. Ọ̀kan kò dára ju èkejì lọ; omi tí wọ́n ṣe wọ́n fún ni ó yàtọ̀. Ọkọ̀ oníkíìlì gígùn a máa tọ ọ̀nà rẹ̀ gbọnrangandan nínú ìgbì, kì í sì í fi ènìyàn jìgìjìgì bí ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra láti yípadà, ó sì le láti fi fà sẹ́yìn ní ibi tóóró. Ó tún ń fẹ́ omi jíjìn. Àwọn ará Jẹ́bà kò ní ṣàì mọ ohun tí odò olókùúta lè ṣe fún ọkọ̀ ńlá: ìtòsí wọn níbẹ̀ ni ọkọ̀ Dayspring, tí Baikie jẹ́ olórí rẹ̀ tí Samuel Ajayi Crowther sì bá wọn wọ̀, ti forí sọ àpáta ní oṣù kẹwàá ọdún 1857.

Nínú gbogbo ọkọ̀ oníkíìlì gígùn, bóyá Folkboat ni ó lókìkí jù. Ní ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti kan àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1942, kí àwọn ènìyàn tí kì í ṣe olówó ńlá lè ní ọkọ̀ tiwọn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 7.64, ó sì ń fẹ́ omi tí ó jìn tó mítà 1.2. Ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì, èyí tí ó lé ní ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ irin ìsàlẹ̀ kíìlì. Nígbà tí ọkọ̀ márùn-ún bá ara wọn díje la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní 1960, tí ènìyàn kan ṣoṣo sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Folkboat tí Hasler tún ṣe, tí ó sọ ní Jester, ni ó ṣe ìkejì. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ sí fi fáíbà ṣe tiwọn: Triton, tí Carl Alberg yà, jáde ní 1959, wọ́n sì ṣe èyí tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta.

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì wà, àwọn tí ó ni wọ́n sì ti darúgbó. Nítorí èyí ni owó wọn fi ń lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń wọ olùrà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ sì nìyí, nítorí owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ kọ́ ni iye ọkọ̀. Àtúnṣe lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀, owó ibi ìdákọ̀ró kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ náà ò tíì lè rìn. Ère òkúta Èsìẹ́ ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kò sì rà; igi kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọ ọkọ̀ tí ó ti rà sínú òkun fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe àfikún owó.

Olùrà tí ó gbọ́n kì í kọ́kọ́ súnmọ́ ọkọ̀. Yóò dúró jìnnà sí i lórí ilẹ̀, yóò wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìlà ara ọkọ̀ bá yọ gèlé láàárín, tí iwájú àti ẹ̀yìn sì ń wálẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tí ó lè bo irú àrùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú òòlù kékeré, tí yóò máa kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí ó yè a máa dáhùn ketekete. Èyí tí ó ti rà a máa dún bùù bí ìgbà tí ènìyàn lu tìmùtìmù. Ibi tí ohùn bá ti yí padà ni yóò fi ọ̀bẹ ṣóńṣó tẹ̀, bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá gbà. Bí kò bá gbà, ìdáhùn ti dé.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àwọn tí kò mọ̀ lẹ́nu: omi òkun kọ́ ni olórí ọ̀tá igi ọkọ̀, omi òjò ni. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tí ń mú igi rà gbilẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tí ó gba orí ọkọ̀ jò sínú kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í dé ni ó ń jẹ igi láti inú. Nítorí náà àwọn àgbà a máa ti ìka bọ omi tí ó dúró ní ìdí inú ọkọ̀, wọn a sì tọ́ ọ wò. Bí ó bá níyọ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ti wọlé. Bí kò bá níyọ̀, kí olùrà gbójú sókè wo orí ọkọ̀, ẹsẹ̀ òpó àti igun fèrèsé. Kòkòrò omi iyọ̀ kan sì tún wà tí ń gbẹ́ igi bí ikán. Ojú ihò rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀nà tí ó là sínú igi sì lè gba ìka ọwọ́.

Bí ọkọ̀ onípákó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, pákó rẹ̀ yóò sún kì, àlàfo yóò sì yọ. Èyí nìkan kì í ṣe àbùkù. Àgbẹ̀ Ìgbómìnà tí èèkù ọkọ́ rẹ̀ mì a máa rẹ ọkọ́ náà sínú omi kí igi lè wú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ṣe ń ṣe, yóò jò fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì dí. Ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín kíìlì àti pákó tí ó tẹ̀lé e yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìjàkadì òpó àti ẹrù ìsàlẹ̀ ti ń pàdé.

Ìtàn Suhaili fi èyí hàn. Bombay ní Íńdíà ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, kò sì tíì dàgbà rárá nígbà tí Robin Knox-Johnston gbé e kúrò ní Falmouth ní oṣù kẹfà ọdún 1968 láti yí ayé ká ní òun nìkan láìdúró. Kò tíì kọjá ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà púpọ̀, ní gúúsù erékùṣù Cape Verde, tí ó fi rí i pé omi ń wọlé láti ojú àlàfo ẹ̀gbẹ́ kíìlì. Ó bẹ́ sínú òkun, ó fi òwú dí i, ó sì fi aṣọ ìgbòkun àti bàbà pẹlẹbẹ kàn án lórí. Ẹja ekurá kan tilẹ̀ dé bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní láti gòkè wá yìnbọn pa á. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni ó jáde fún ìdíje náà. Tirẹ̀ nìkan ni ó padà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1969, lẹ́yìn ọjọ́ 312.

Àwọn bóòtù tí wọ́n fi de irin ìsàlẹ̀ mọ́ kíìlì ni ó kù tí ojú kò lè rí. Irin a máa dípẹtà nínú igi, pàápàá nínú igi óákù, títí yóò fi tín-ín-rín láàárín bí ìbàdí agbọ́n nígbà tí orí rẹ̀ ṣì sanra. Ọ̀nà kan pàtàkì ni kí wọ́n yọ ọ̀kan tàbí méjì jáde wò. Ẹni tí ó ń tà kì í sábà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó amòye ayẹkọ̀wò tí yóò ṣe é kéré sí owó òfò.

Ọkọ̀ onífáíbà kì í rà, àmọ́ ó ní àrùn tirẹ̀. Àárín pẹpẹ òkè Triton jẹ́ igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi fáíbà bò lókè àti nísàlẹ̀. Bí omi bá gba ojú ìṣó wọlé, igi náà yóò di ẹ̀tù, pẹpẹ yóò sì máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ara tí ó léròrò lábẹ́ omi kò burú tó bí ó ti ń dẹ́rù ba ènìyàn.

Okùn onírin tí ó di òpó mú, bí kò bá sí ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, kí olùrà ka owó tuntun mọ́ ọn. Kí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án: bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti ṣáájú tan án láti fi àìsàn pamọ́. Kí ó sì bá ọkọ̀ lọ sí ojú omi kí ó tó san owó tán, kí ó gba ìwé tí ó fi hàn pé ẹni tí ń tà ni ó ni ín àti pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di tòkúnbọ̀ ní tòótọ́, tí ó fẹ́ gbé e wá sí Èkó, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti jìn tó fún kíìlì rẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Irú Lightning, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ń tù, ní pátákó tí wọ́n lè fà sókè. Kíìlì gígùn kò ṣe é fà. Omi ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, kòkòrò tí ń gbẹ́ igi sì fẹ́ràn omi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀dà tí ó ní bàbà nínú ni wọ́n ní láti máa kùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, ìbáà jẹ́ ìrókò ni wọ́n fi kan án.