Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta Lọ́jọ́ Kan: Ìmúra fún Ìrìn-àjò Mẹ́kà

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń múra àti lọ sí Mẹ́kà ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà, kí ó kà á. Bí ọmọ yín bá ń lọ sí òkè òkun fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kan òun náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó ń fi ọdún púpọ̀ kó owó Mẹ́kà jọ. Wọ́n ta àgbàdo, wọ́n ta kajú, àwọn ọmọ fi díẹ̀ kún un. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà, wọ́n ra aṣọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra ní Kútọnu, wọn a sáré lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì lè gún wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, kí owó ọdún púpọ̀ sì ṣòfò.

Àwọn àgbà ní: Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni a ti í gba abẹ́rẹ́ lọ sí Mẹ́kà.

ABẸ́RẸ́ WO NI WỌ́N Ń BÉÈRÈ?

Èkínní ni ti ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà yìí kiri, ó sì wà ní ilẹ̀ Benin àti Togo. Bí ó bá ti mú èèyàn, kò sí oògùn tí ó ń pa kòkòrò rẹ̀. Ìdí nìyí tí Saudi Arabia fi ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ti ibí lọ. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára nígbà tí ọjọ́ 10 bá pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọdún 10 ni agbára rẹ̀ fi ń wà. Láti oṣù keje ọdún 2016, òfin gbogbo ayé sọ pé ẹyọ kan tó títí ọjọ́ ayé ẹni. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju ìwé àtijọ́ yín nù.

Èkejì ni ti yírùnyírùn. Àrùn yìí a máa mú ọrùn gan, orí a fọ́ gidigidi, ara a gbóná. Ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ikọ́ àti itọ́ ni ó fi ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ẹ sì mọ bí èrò ti í pọ̀ tó ní Mẹ́kà. Ní ọdún 1987, ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó lọ síbẹ̀. Ní ọdún 2000, ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn tí a ń pè ní W135 tún bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan gbé e dé ilé, ó sì mú ará ilé wọn tí kò rìnrìn-àjò kankan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń béèrè báyìí ń jẹ́ ACWY, nítorí pé ó ń dènà ẹ̀yà mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10, ó kéré tán, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òmíràn nínú rẹ̀ ń lo ọdún 3, òmíràn ń lo ọdún 5.

Ẹ̀kẹta ni ti rọpárọsẹ̀. Àwọn tó wá láti ìlú tí àrùn náà ti yọjú ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ àwọn ìlú náà a máa yí padà. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ohun tí òfin ọdún tí ẹ ń lọ wí.

ṢÉ ARA LÈ GBA MẸ́TA LẸ́Ẹ̀KAN?

Ẹ̀rù èyí a máa ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọn a ní, “Ẹyọ kan ń mú ara gbóná, mẹ́ta ń kọ́?” Ìdáhùn wa ni pé ara lè gbà á. Lójoojúmọ́ ni ara wa ń bá oríṣiríṣi kòkòrò jà, nínú afẹ́fẹ́, nínú oúnjẹ, lára ọgbẹ́. Mẹ́ta kò pọ̀ jù fún un. Nọ́ọ̀sì kì í pò wọ́n pọ̀ sínú abẹ́rẹ́ kan. Ó lè gún ọ̀kan ní apá òsì, kí ó gún èkejì ní apá ọ̀tún.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Abẹ́rẹ́ mìíràn, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, tàbí kí ó jẹ́ ègé rẹ̀ lásán. Ti yírùnyírùn wà nínú èyí. Ọjọ́ tí ó bá wù wá ni a lè gbà á. Abẹ́rẹ́ mìíràn, kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ibà pọ́njú nìyẹn. Ara ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Ghana, tí ń jẹ́ Asibi, ni a ti rí kòkòrò náà ní ọdún 1927. Asibi sàn. Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gba agbára lọ́wọ́ kòkòrò náà, tí wọ́n sì fi ṣe abẹ́rẹ́ ní ọdún 1937. Abẹ́rẹ́ rougeole, àrùn tí ń mú kí ara ọmọdé sú, jẹ́ alààyè bákan náà.

Abẹ́rẹ́ alààyè méjì, ọjọ́ kan náà ni kí a gbà wọ́n, tàbí kí a fi ọ̀sẹ̀ 4 sí àárín wọn. Kí ló dé? Ẹ wo àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ abúlé. Bí àjèjì méjì bá wọlé pọ̀, wọn a wo ojú àwọn méjèèjì, wọn a dá wọn mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wọlé lónìí, tí ariwo ṣì wà nílẹ̀, tí èkejì dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn a lé e jáde kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kejì á wá di asán.

Ẹ JẸ́ KÍ A KA ỌJỌ́

Ẹ mú bírò. Ká ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ni ẹ ó dé Mẹ́kà. Ẹ yọ ọjọ́ 10 kúrò: ó di ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Ìyẹn ni òpin fún ibà pọ́njú àti yírùnyírùn. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 4, tí í ṣe ọjọ́ 28: ó di ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Ìyẹn ni òpin fún rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn lè tán ní ilé ìwòsàn, ibà lè mú yín. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó san.

Ẹ SỌ ÒTÍTỌ́ FÚN NỌ́Ọ̀SÌ

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò bá gbogbo ara mu. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 lọ́mú, bí ẹ bá ti lé ní ọdún 60 tí ẹ kò sì gbà á rí, bí ẹyin adìẹ bá ń ṣe yín ní ibi, tàbí bí ẹ bá ní àrùn sídà. Ẹ má ṣe tijú. Dókítà lè kọ ìwé pé ara yín kò gbà á.

Bí a bá gún yín tán, ẹ jókòó níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30. Apá lè dùn yín, ara lè gbóná fún ọjọ́ díẹ̀. Yóò lọ. Bí ojú bá wú tàbí tí èémí kò já geere, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá.

Àwọn kan a máa ta ìwé abẹ́rẹ́ láìgún èèyàn. Ẹ má ṣe rà á. Òǹtẹ̀ kò lè bá kòkòrò jà. Ẹni tó fi ìwé èrú lọ lè gbé yírùnyírùn bọ̀ wá bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé.

FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Ọjọ́ mélòó ni ìwé ibà pọ́njú fi ń dúró kí ó tó ní agbára?
2. Kí ló dé tí a fi ń gba abẹ́rẹ́ alààyè méjì lọ́jọ́ kan náà?
3. Ta ni ń rìnrìn-àjò ní ilé yín? Ẹ bá a kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run mú àwọn arìnrìn-àjò wa lọ, kí ó sì mú wọn bọ̀.