Àròkọ Aṣàlàyé: Láti Orí Kọ̀ǹpútà Alápòótí Dé Orí Kọ̀ǹpútà Àkópọ̀

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáárà: ohun tí kọ̀ǹpútà méjèèjì jẹ́.
(ii) Bí àyípadà náà ṣe bẹ̀rẹ̀.
(iii) Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe.
(iv) Àǹfààní kọ̀ǹpútà àkópọ̀.
(v) Àléébù rẹ̀.
(vi) Ìgúnlẹ̀: èyí tí ó yẹ kí a rà.

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti rí gan-an nìyí. Bí o bá wọ ọ́fíìsì kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ohun mẹ́rin ni ìwọ yóò bá lórí tábìlì: àpótí kan tí ó dúró ṣánṣán, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sípíyù, mọ́nítọ̀ tí ìdí rẹ̀ yọ gọngọ sẹ́yìn bíi ti tẹlifíṣàn àtijọ́, àtẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀wé, àti máòsì. Wáyà wọn a sì lọ́ mọ́ra lẹ́yìn tábìlì bí ìtàkùn. Lónìí, o lè wọ ọ́fíìsì kan náà kí o má rí àpótí kankan mọ́. Àpótí náà kò pòórá o. Ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ohun inú rẹ̀ kó lọ. Irú ẹ̀rọ yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní all-in-one. Nínú àròkọ yìí, kọ̀ǹpútà àkópọ̀ ni n óo máa pè é, n óo sì máa pe èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà alápòótí.

Má ṣe rò pé àná ni kọ̀ǹpútà àkópọ̀ dé. Ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Commodore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní PET. Ojú ẹ̀rọ, àtẹ bọ́tìnnì àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà pọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM gbé tirẹ̀ dé, àpótí rẹ̀ lọ́tọ̀, mọ́nítọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Àpótí yìí ṣeé ṣí, àyè sì wà nínú rẹ̀ tí a lè fi ohun mìíràn kún. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ wá pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà alápòótí fi gbòde fún ọdún pípẹ́.

Ilé-iṣẹ́ Apple gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 1984, wọ́n gbé Macintosh jáde, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 9, tí ọpọlọ rẹ̀ sì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ojú. Ní ọdún 1998, wọ́n gbé iMac dé. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 15, ó sì wọ̀n tó kìlógíráàmù 17. Ní ọdún 2004, wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú pẹlẹbẹ kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, èyí tí wọ́n ṣe kò nípọn ju mìlímítà 11.5 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó kìlógíráàmù 5. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe tiwọn.

Kí ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? Èkíní ni ojú ẹ̀rọ. Ìgò ńlá tí ó wúwo ni mọ́nítọ̀ àtijọ́. Láti ìdí ìgò náà ni ìtànṣán ti ń wá lu iwájú rẹ̀, nítorí náà kò lè ṣe kí ó má jìn. Nígbà tí ojú pẹlẹbẹ gba ipò rẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Èkejì ni pé ọpọlọ ẹ̀rọ kéré sí i, ooru rẹ̀ sì dínkù. Irú ẹ̀yà tí a ń lò nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àkópọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé a kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ihò tí a ń ki àwo tàbí dísìkì bọ̀ mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, àǹfààní kọ̀ǹpútà àkópọ̀ kò kéré. Kì í gba àyè lórí tábìlì. Wáyà rẹ̀ kò pọ̀. Ó rọrùn láti gbé láti yàrá kan sí òmíràn. Kì í sábà jẹ iná tó àpótí àti mọ́nítọ̀ onígò, nítorí náà bí iná bá lọ, bátìrì UPS lè gbé e pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n tibi tire ni a dá ilé ayé. Ohun tí ojú mi rí ni n óo sọ. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ra kọ̀ǹpútà àkópọ̀ kan tí mo fi ń tẹ ìbéèrè àṣewò fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé. Ní ọjọ́ kan, ìgbọ̀nwọ́ ọmọ kan gbá a, ó dojú bolẹ̀, ojú rẹ̀ sì fọ́. Ká ní kọ̀ǹpútà alápòótí ni, ǹ bá yá mọ́nítọ̀ aládùúgbò mi, ǹ bá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú lọ ni ọpọlọ náà bá a lọ. Owó tí ẹni tí ń tún un ṣe bù fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi rà á. Gbogbo ìbéèrè tí mo ti tẹ̀ há sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò àwọn ọmọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kọ̀ǹpútà alápòótí tí mo ti fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀ yàrá ni mo gbé jáde, tí mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àkópọ̀ ni kò rọrùn láti ṣí tàbí láti fi nǹkan kún. Bí o ṣe rà á ni ìwọ yóò ṣe lò ó gbó.

Ní ìparí, kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a wò. Ẹni tí àyè rẹ̀ há, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìwé títẹ̀ lọ, kí ó ra kọ̀ǹpútà àkópọ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí ibòmíràn lójoojúmọ́. Ẹni tí owó àtúnṣe ń bà lẹ́rù, tí ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ òun pẹ́, kí ó di alápòótí mú. Ní tìrẹ, akẹ́kọ̀ọ́, má fòyà. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Yálà o bá àpótí lórí tábìlì tàbí o kò bá a, bọ́tìnnì kan náà ni ìwọ yóò tẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ọpọlọ tìrẹ ni a óo fún ọ ní máàkì lé lórí.