Búrẹ́dì gíráàmù 300 lóòjọ́: Bí àwọn tíṣà ṣe ń kọ́ ọmọ iléèwé nípa ebi tí Hitler fi pààyàn

Gíráàmù 300 péré ni. Ẹni tó bá mú búrẹ́dì ńlá tí ìdílé kan ń rà fún oúnjẹ àárọ̀, tó gé e sí méjì, ìdajì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á ju gíráàmù 300 lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n ní àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́ Auschwitz lálaalẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó látàárọ̀. Tó bá wù ú, kó jẹ ẹ́ tán lójú ẹsẹ̀. Tó bá sì wù ú, kó fi díẹ̀ pamọ́ de àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí kò sí búrẹ́dì mìíràn mọ́ àfi lálẹ́ ọ̀la. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi pamọ́ kò ní í lè fọkàn balẹ̀ sùn, torí wọ́n lè jí i gbé kílẹ̀ tó mọ́.

Irú nǹkan báyìí làwọn tíṣà lókè òkun fi ń la ọ̀rọ̀ ogun Hitler yé àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ebi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1991 ni ìtàn bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù ti wọ inú ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀ fáwọn iléèwé. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní London náà ń kọ́ ọ. Bí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún bá délé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kò rò tì í, ẹ má bínú sí i o, iléèwé ló ti gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ Poland ni Auschwitz wà, ọdún 1940 làwọn ará Jámánì dá a sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ náà. Láàárọ̀, omi dúdú kan tí wọ́n ń pè ní kọfí, tí kì í ṣe kọfí, ni wọ́n ń bù fún ẹlẹ́wọ̀n, bíi ìdajì lítà. Lọ́sàn-án, ọbẹ̀ olómi tó tó lítà kan, tí ewébẹ̀ àti ànàmọ́ òyìnbó díẹ̀ ń léfòó nínú ẹ̀. Lálẹ́, búrẹ́dì tá a wí yẹn, pẹ̀lú bọ́tà àtọwọ́dá tàbí sọ́séèjì bíńtín tí kò ju gíráàmù 25 lọ. Ilé ìrántí tó wà ní Auschwitz títí dòní ti ṣírò ẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ kò ju nǹkan bíi kálórì 1,300 lọ fún ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ kò le púpọ̀, àti 1,700 fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀, tó ń ru òkúta látàárọ̀ dalẹ́, ohun tí ara ẹ̀ nílò ju 3,000 lọ dáadáa.

Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyẹn o. Kí oúnjẹ tó dé ẹnu, àwọn ẹ̀ṣọ́ àtàwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí àwọn yòókù ti mú tiwọn nínú ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní abọ́, kò sóhun tó máa fi gba ọbẹ̀. Ẹni tó bá sì wà níwájú jù lórí ìlà, omi lásán ló máa bá pàdé, torí ìsàlẹ̀ ìkòkò ni gbogbo ohun tó ki wà. Báyìí làwọn èèyàn tó ti jẹ́ dókítà, lọ́yà àti oníṣòwò nílé ara wọn ṣe di ẹni tó ń fi ọgbọ́n ṣírò ibi tó yẹ kóun dúró sí lórí ìlà ọbẹ̀.

Ohun tí tíṣà tó mọṣẹ́ ń fẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ ni pé kì í ṣe pé oúnjẹ kàn wọ́n nítorí ogun. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní Warsaw, níbi tí wọ́n ti mọ odi yí àwọn Júù tó lé ní 400,000 ká lọ́dún 1940, ìwọ̀n oúnjẹ tí wọ́n là sílẹ̀ lọ́dún 1941 sọ gbogbo ọ̀rọ̀: ará Jámánì, kálórì 2,613, ọmọ Poland, 699, Júù, 184. Ọmọ tó bá ti mọ ìṣirò, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Inú odi yẹn kan náà làwọn dókítà Júù, tí Israel Milejkowski ṣáájú wọn, ti kóra jọ lọ́dún 1942 láti ṣèwádìí ohun tí ebi ń ṣe lára èèyàn. Ebi ń pa àwọn dókítà náà fúnra wọn. Wọ́n rí ìwé náà gbé jáde kọjá odi, ó sì di títẹ̀ lọ́dún 1946, ṣùgbọ́n Milejkowski kò sí láyé mọ́ nígbà yẹn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti le wà. Àwọn tíṣà kan ti rò ó pé káwọn fi ebi pa àwọn ọmọ fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n bu ọbẹ̀ olómi fún wọn, kí wọ́n lè mọ bó ṣe rí. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ọ̀rọ̀ náà tó wà ní Washington, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1993, ní káwọn tíṣà má dán irú ẹ̀ wò. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ti se oúnjẹ sílẹ̀ de òun nílé kò lè mọ ebi Auschwitz láéláé. Eré ló máa fi ṣe, wọ́n á sì ti sọ ikú èèyàn di ẹ̀fẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun táwọn tó là á já sọ àtèyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n gbé síwájú ọmọ.

Ọ̀kan nínú irú ẹ̀ ni ìwé ìyá àgbà kan, Mina Pächter, tí wọ́n kó lọ sí Terezín, ní Czechoslovakia ìgbà náà. Níbi tí ebi ti ń pa wọ́n kú lọ, òun àtàwọn obìnrin mìíràn jókòó, wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe máa ń se oúnjẹ nílé wọn sílẹ̀: kéèkì, ẹran, onírúurú ìpápánu. Wọ́n ń rántí ẹ̀ ni, kò sí èyí tó wà níwájú wọn. Mina kú síbẹ̀ lọ́dún 1944, ṣùgbọ́n ó ti fa ìwé náà lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan lọ́wọ́ pé kó bá òun fún ọmọbìnrin òun, Anny. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìwé náà ń lọ, nǹkan bí ọdún 25 ló sì fi rìn kó tó dé ọwọ́ Anny ní New York. Ọdún mélòó kan ni Anny kò fi lè ṣí i. Ọdún 1996 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ iléèwé tó bá ka ibẹ̀ á rí i pé èèyàn bíi ìyá tòun lebi ń pa, kì í ṣe nọ́ńbà.

Bí ogun ṣe parí náà kò sọ pé kí ebi parí. Nígbà táwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ Bergen-Belsen ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1945, nǹkan bí 60,000 èèyàn ni wọ́n bá láàyè. Àánú ṣe àwọn ṣọ́jà náà, wọ́n sì gbé oúnjẹ alágolo tiwọn fún wọn. Ikùn tó ti gbẹ kò lè gba ẹran àti ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn kan ṣe jẹun tán ni wọ́n kú. Àti ebi o, àti àìsàn o, ẹni tó ju 13,000 ló kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn tó dá àgọ́ yẹn sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni wọ́n fi lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá Terezín rí ọ̀rọ̀ sọ lójú ebi, dókítà Warsaw rí ìwé kọ. Ìyẹn gan-an làwọn tíṣà ń fẹ́ káwọn ọmọ mú lọ sílé.